Owó Tí Kò Ní Lẹ́tà Lára: Àgbéyẹ̀wò Ìmọ̀ Nípa Owó Àtijọ́ ní Ìdó àti Àríwá Èkìtì

Ní Ìdó-Èkìtì àti àwọn ìlú tó yí i ká, láti Usi àti Ìfàkì títí dé Ọ̀yẹ́ àti Ìkọlé, kò wọ́pọ̀ kí ilé àgbà kan má ní owó àtijọ́ níbì kan. Ó lè jẹ́ owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún nínú àpò olóòrìṣà, ó lè jẹ́ ṣílè fàdákà tí wọ́n lu ihò sí kí wọ́n lè sín in mọ́ ìlẹ̀kẹ̀, ó sì lè jẹ́ kọ́bọ̀ oníhò tí wọ́n bá ní ìsàlẹ̀ àpótí lẹ́yìn ìsìnkú bàbá àgbà. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á pín in fún àwọn ọmọdé kí wọ́n fi ṣeré, tàbí kí wọ́n tà á fún ẹni tó ń ra àkúfọ́ irin kiri. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níbí ni ti ẹni tí kò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kó owó àtijọ́ jọ, tó sì fẹ́ mọ̀ ọ́n dájú, kì í ṣe kó kàn tò ó sínú àwo fún àlejò wò, níbo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀? Ta ló ti kọ̀wé nípa rẹ̀? Ìmọ̀ wo ló fẹsẹ̀ múlẹ̀, èwo ló ṣì ń mì?

Ó dára ká kọ́kọ́ wo ibi tí iṣẹ́ yìí ti gbó dáadáa. Owó ilẹ̀ ọba Byzantium, ìyẹn ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ ọba Róòmù tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Constantinople, wà lára owó tí àwọn olùkójọ ti fi ọwọ́ ara wọn sọ di ẹ̀kọ́ ńlá. Ní ọdún 498, ọba Anastasius tún owó bàbà ilẹ̀ náà ṣe. Ó ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà M gàdàgbà sí ẹ̀yìn èyí tó tóbi jù. M dúró fún ogójì nínú ìṣírò àwọn Gíríìkì, nítorí ogójì owó kékeré ló wà nínú owó ńlá náà. K jẹ́ ogún, I sì jẹ́ mẹ́wàá. Nígbà tí Justinian wà lórí oyè, láti nǹkan bí ọdún 538, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye ọdún tí ọba ti lò lórí oyè sára owó bàbà, orúkọ ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó di irú owó bẹ́ẹ̀ mú lónìí lè ka ọba, ìlú àti ọdún lára rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ oko tí wọ́n ti wú u. Èyí ló jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n lè dá ìmọ̀ tuntun sílẹ̀. Philip Whitting, tó jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama, kó owó Byzantium jọ títí ó fi di ọ̀kan nínú àkójọ tó tóbi jù láyé. Ó wà ní Barber Institute ní yunifásítì Birmingham lónìí. Philip Grierson ti Cambridge, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní tirẹ̀, kó ju 20,000 owó ìgbà àárín ilẹ̀ Yúróòpù jọ, ó sì tún wà nídìí ìwé ńlá tí Dumbarton Oaks ní Washington ṣe lórí owó Byzantium. Àkójọ wọn wúlò nítorí pé àkọsílẹ̀ wọn péye.

Ogójì kò ṣàjèjì sí wa. Ogójì owó ẹyọ ni okùn kan nílẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n owó ẹyọ kò ní lẹ́tà kankan lára. Kò sí orí ọba, kò sí ọdún, kò sí ìlú. Èyí tí wọ́n ná ní ọdún 1750 àti èyí tí wọ́n ná ní 1850 lè jọ ara wọn bí ìbejì. Ohun tó lè sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún wa ni ibi tí wọ́n ti bá a, àwọn nǹkan tí wọ́n bá pẹ̀lú rẹ̀, àti ẹnu ẹni tó jogún rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò láàrin àwọn wọ̀nyí láìkọ ohunkóhun sílẹ̀, ó di ìkarahun lásán. Èrò tí mo dì mú nínú àgbéyẹ̀wò yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ní àríwá Èkìtì, àkọsílẹ̀ tí olùkójọ bá ṣe ni yóò rọ́pò lẹ́tà tí kò sí lára owó náà.

Irú owó ẹyọ méjì ló wọ ilẹ̀ Yorùbá. Èkíní wá láti erékùṣù Maldives nínú òkun India, àwọn onímọ̀ ń pè é ní Cypraea moneta. Ó kéré, ó funfun mọ́ àwọ̀ ìyeyè, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ní àwọn kókó kéékèèké tó mú kó ní igun. Èkejì ni Cypraea annulus, tó wá láti etíkun Zanzibar àti ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ó sábà máa ń tóbi ju ti Maldives lọ, ara rẹ̀ rí roboto bí ẹyin, òrùka aláwọ̀ wúrà sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká. Òrùka yìí ni gbogbo ìwé fi ń júwe rẹ̀, àmọ́ òrùka náà kì í sábà ran olùkójọ lọ́wọ́ nílẹ̀ wa, nítorí àwọn baba wa a máa fọ́ ẹ̀yìn owó ẹyọ kí okùn lè gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ẹ̀yìn bá ti lọ, òrùka bá a lọ. Ohun tó kù láti ṣe ni kéèyàn gbé èyí tó ti fọ́ lẹ́yìn náà sí àtẹ́lẹwọ́, kó yí ẹnu rẹ̀ eléyín wẹ́wẹ́ sókè, kó sì fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yípo. Bí ìka bá ń kan kókó, pàápàá níbi tó ti gbòòrò, ti Maldives ni. Bí ẹ̀gbẹ́ bá ń yọ̀ láti ìkángun kan dé èkejì, tó sì gùn díẹ̀, ti Zanzibar ni. Ẹni tó bá ti fọwọ́ tọ bí ogún tàbí ọgbọ̀n kò ní í ṣì í mọ̀ mọ́.

Mo fà á gùn bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìyàtọ̀ yìí nìkan ni ohun tó sún mọ́ déètì lára owó ẹyọ. Ti Maldives ti ń bọ̀ tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí Ibn Battuta dé Mali àti Gao ní 1352 sí 1353, ó rí i pé òun ni wọ́n ń ná, ó sì kọ ọ́ pé 1,150 ni wọ́n ń gbà fún dínárì wúrà kan. (Dínárì yẹn náà bá Byzantium tan: àpẹẹrẹ owó wúrà Byzantium ni àwọn Lárúbáwá kọ́kọ́ tẹ̀ lé kí wọ́n tó dá tiwọn sílẹ̀.) Aṣálẹ̀ Sàhárà ni owó ẹyọ gbà kọjá nígbà náà. Láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àwọn Potogí ti ń fi ọkọ̀ òkun kó o wá sí etíkun wa, lẹ́yìn wọn sì ni àwọn ará Hólàǹdì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ti Zanzibar kò tíì pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní gbogbo ìgbà yẹn. Láti 1845 ni àwọn oníṣòwò Hamburg ní Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó o wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́pọ̀ yanturu, Èkó sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó wà ní Ìdó ni pé ìkòkò owó ẹyọ tí ti Zanzibar bá pọ̀ nínú rẹ̀ kò ṣeé ṣe kó dàgbà ju nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún lọ. Èyí tó bá jẹ́ kìkì ti Maldives lè lọ́jọ́ lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ò rí i pé kíka iye tó jẹ́ ti ìhín àti iye tó jẹ́ ti ọ̀hún nínú ìkòkò kan ṣoṣo ti di iṣẹ́ ìwádìí gidi, ẹnikẹ́ni tó lè kà lè ṣe é.

Kò yẹ kí olùkójọ kankan gbàgbé ohun tí wọ́n fi owó yìí rà. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti kejìdínlógún, púpọ̀ nínú owó ẹyọ tí ọkọ̀ àwọn òyìnbó já sí etíkun wa ni wọ́n fi ra ènìyàn. Láti Maldives, wọ́n á kó o lọ sí India, láti ibẹ̀ lọ sí London àti Amsterdam, kí wọ́n tó tún kó o sínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá ra ẹrú. Jan Hogendorn àti Marion Johnson fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àkọlé ìwé wọn, The Shell Money of the Slave Trade, tó jáde ní 1986, wọ́n sì ṣe dáadáa. Mo ti rí àwọn tó ń tò owó ẹyọ sára ògiri bí ohun ẹ̀ṣọ́ tí kò ní ìtàn kankan nínú. Ó ń dùn mí. Ẹni tó bá kó o jọ gbọ́dọ̀ lè sọ ìtàn yẹn fún ọmọ tó bá bi í léèrè.

Bí wọ́n ṣe ń kà á náà wà nínú ohun tó yẹ ní mímọ̀. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì tó gbé ní Ìjàyè, ṣàlàyé rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1887. Wọ́n á da òkìtì owó sílẹ̀, ẹni tó ń kà á á máa fa márùn-ún márùn-ún jáde títí yóò fi pé ogún. Ogún lọ́nà márùn-ún á di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì á di igba. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ọ̀kẹ́ kan owó Maldives wúwo tó nǹkan bí kílò 23, ẹrù orí ènìyàn kan ni. Ti Zanzibar tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí ó sì ti ń pọ̀ sí i lọ́jà ni ó ń sọ iyì nù, débi pé nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ, ẹgbàá kan kò ju sísì kan lọ ní Èkó, ọ̀kẹ́ kan kò sì ju ṣílè márùn-ún. Aláàárù tó bá ru ọ̀kẹ́ kan láti etí ọ̀sà dé àríwá Èkìtì, tí yóò máa jẹun lójú ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé owó náà fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ tán. Ẹni tó bá lóye èyí ti lóye ìdí tí owó onírin fi rọrùn fún ìjọba láti fi lé owó ẹyọ lọ.

Ní Èkìtì, a kò lè ya ọ̀rọ̀ owó ẹyọ kúrò lára ọ̀rọ̀ Ìbàdàn àti ogun Kírìjì. Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ti ń gbé láwọn ìlú Èkìtì, tí wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ìwà wọn wà lára ohun tó mú kí Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí dìde ní 1878. Èkìtìparapọ̀ kóra jọ, Ògèdèńgbé Ìjẹ̀ṣà ṣíwájú wọn, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, àmọ́ 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ibùdó wọn ká. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn bọ́ sí àsìkò tí owó Zanzibar ti gba ìlú kan. Bẹ́ẹ̀, ìgbà ogun ni ìgbà tí èèyàn máa ń ri owó mọ́lẹ̀, tí ẹni tó rì í sì lè má padà wá wú u.

Lónìí, Ìdó ń gbòòrò. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́-ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ ń fa àwọn èrò wá. Yunifásítì àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní 2011, tó ní ọgbà kejì ní Ìkọlé, ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ilé tuntun ń dìde lórí ilẹ̀ ilé àtijọ́, àwọn bíríkìlà sì ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. Bí ṣọ́bìrì bá kan ìkòkò owó ẹyọ, ohun tó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni pé wọ́n á fọ́ ìkòkò náà, wọ́n á pín ohun inú rẹ̀, èyí tó kù á sì dé ọwọ́ àwọn tó ń ta èlò òrìṣà lọ́jà. Ìkòkò tó fọ́ náà lè sọ ìgbà tí wọ́n mọ ọ́n. Bí ìkòkò tábà, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí àfọ́kù ìgò òyìnbó bá wà nítòsí rẹ̀, ẹ̀rí ńlá ni wọ́n. Fóònù tó ń ya fọ́tò wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wà lórí iṣẹ́ náà, fọ́tò mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí wọ́n tó gbé ìkòkò kúrò nílẹ̀ kò lè dá iṣẹ́ dúró.

Ní ti àwọn ìwé, èrò mi ni pé wọ́n lágbára lápá kan, wọ́n sì rọ lápá kejì. Àpilẹ̀kọ méjì tí Marion Johnson kọ ní 1970 lórí owó ẹyọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣì ni ìpìlẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń kọ́lé lé. Iṣẹ́ òun àti Hogendorn mọ iye tó wọ ọkọ̀, iye tó bọ́ sílẹ̀ ní Whydah àti ní Èkó, àti ẹni tó tà á. Ṣùgbọ́n ojú òkun ni wọ́n ti ń wo ilẹ̀. Bí owó náà bá ti kúrò ní etí ọ̀sà tó wọ igbó, ìwé àwọn oníṣòwò kò bá a lọ mọ́. Akínwùmí Ògúndìran gbìyànjú láti yí ojú ìwòran náà padà nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 2002, níbi tó ti wo ìlẹ̀kẹ̀ àti owó ẹyọ láti inú ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ àti láti inú àṣà wa. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn gan-an. Ìwé tí Tóyìn Fálọlá àti Akànmú Adébáyọ̀ jọ kọ ní 2000, Culture, Politics, and Money among the Yoruba, ni màá kọ́kọ́ fi lé ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí pé inú ìrònú Yorùbá nípa owó ni ó ti bẹ̀rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òyìnbó. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń wá Ìdó, Ìkọlé tàbí Ayédé nínú àwọn ìwé wọ̀nyí yóò ṣí ojú ewé púpọ̀ kó tó rí gbólóhùn kan. Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó ló gba gbogbo àyè.

Owó onírin ní tirẹ̀ ní lẹ́tà lára, ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn fún ọ̀dọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀. Ní 1907 ni wọ́n rọ kọ́bọ̀ àti àníní oníhò àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ Nigeria àti British West Africa sí lára. Àníní jẹ́ ìdá mẹ́wàá kọ́bọ̀. Alumíníọ́mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi rọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ wa bà á jẹ́ kíákíá, nígbà tó di 1908 wọ́n ti yí i padà sí àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà, àníní alumíníọ́mù tí ara rẹ̀ ṣì dán kò wọ́pọ̀, ẹni tó bá rí i kó tọ́jú rẹ̀. Ihò àárín rẹ̀ bá àṣà wa mu, torí àwọn tó ti ń sín owó ẹyọ sókùn lè sín òun náà. Ìràwọ̀ oníhà mẹ́fà ló yí ihò náà ká ní ojú kan, adé ọba sì wà lókè rẹ̀ ní ojú kejì.

Ní 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa rọ owó fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Ní 1913 ni tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì ti ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, orí ọba wà lójú kan ṣílè, igi ọ̀pẹ wà lójú kejì. Fàdákà gidi ni wọ́n, ìdá 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣílè kan wúwo tó gíráàmù 5.65. Ní 1920 ni fàdákà dàwátì, tí idẹ rọ́pò rẹ̀. Púpọ̀ nínú ṣílè fàdákà náà kò dé ọ̀dọ̀ wa mọ́, nítorí àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà ti yọ́ wọn ṣe ẹ̀gbà àti òrùka. Ẹni tó bá jogún ẹ̀gbà fàdákà láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ lè jẹ́ pé ṣílè ọba George Karùn-ún ló wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

Ẹyọ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kọ́bọ̀ ọdún 1936. Ọba Edward Kẹjọ gun orí ìtẹ́ ní oṣù kìíní ọdún náà, ó sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, kí owó tó ní àwòrán orí rẹ̀ tó jáde fún ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì láti ná. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀, àbọ̀ kọ́bọ̀ àti àníní tiwa ní ihò láàrin, kò sí àyè fún orí ọba níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ sí i yíká. Wọ́n ti rọ ọ́, ó sì ti wọ ọjà. Ẹ gbé e súnmọ́ ojúmọmọ, ẹ ó rí EDWARDVS VIII lẹ́gbẹ̀ẹ́ adé. Ẹ yí i padà, ẹ wo ìsàlẹ̀ ìràwọ̀ náà dáadáa, pẹ̀lú dígí tí àwọn aláago ń lò bí ó bá ṣeé ṣe. Bí ẹ bá rí H kékeré, ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ló rọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ KN, ilé iṣẹ́ King's Norton ni, ìlú kan náà ni. Bí kò bá sí lẹ́tà kankan, London ló ti wá. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ìyálọ́jà Ìdó ná owó ọba kan tí àwọn ará London fúnra wọn kò ná owó rẹ̀. Ní Birmingham yìí kan náà ni àkójọ Byzantium ti Whitting wà. Ìwé tí David Vice ṣe ní 1983 lórí owó British West Africa to àwọn ọdún àti lẹ́tà wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ. Bí ẹ bá rí i rà tàbí yá, kò sí èyí tó dára jù ú lọ lórí ẹ̀ka yìí.

Èyí tó tẹ̀ lé e kò gba àlàyé púpọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1959, CBN, báńkì àpapọ̀ tiwa, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, owó Nàìjíríà tirẹ̀ sì jáde pẹ̀lú orúkọ ọbabìnrin Elizabeth. Ní oṣù kìíní 1968, nígbà ogun abẹ́lé, ìjọba yí owó bébà padà, àìmọye ènìyàn sì pàdánù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, náírà gorí àlééfà, ṣílè mẹ́wàá di náírà kan. Kọ́bọ̀ ọdún 1973 ṣì pọ̀ nílé, ọmọ ilé ìwé sì lè bẹ̀rẹ̀ àkójọ tirẹ̀ láti ibẹ̀ láìná owó. Mánílà tí ìjọba kó nílẹ̀ láàrin 1948 sí 1949, tó lé ní mílíọ̀nù 32, jẹ́ ti apá Calabar, Opobo àti àyíká wọn. Kò kan ọjà Èkìtì, bí ẹnikẹ́ni bá sì ń tà á ní Ìdó gẹ́gẹ́ bí owó àwọn baba ńlá wa, ẹ béèrè ibi tó ti rí i.

Nípa ìtọ́jú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní: ẹ má fọ̀ ọ́. Bí òrombó wẹ́wẹ́ tàbí fínígà bá kan owó ẹyọ, yóò jẹ ẹ́, nítorí ara òkúta ẹfun ni ìkarahun rẹ̀. Eérú àti kànrìnkàn irin ń họ igi ọ̀pẹ kúrò lára ṣílè, olùkójọ tó mọṣẹ́ kò sì ní í ra ṣílè tí wọ́n ti họ. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ nù ún, omi tútù àti aṣọ rírọ̀ tó. Kí ẹ má sì kó wọn sínú ọ̀rá kan náà níbi tí ọ̀rinrin wà. Bébà tó gbẹ, ẹyọ kan nínú bébà kan, pẹ̀lú nọ́ńbà lára rẹ̀, ló dára.

Òfin wà pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ni kò sì mọ̀. Òfin 77 ti ọdún 1979, tó dá àjọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀, kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni tí àjọ náà kò fún láṣẹ máa ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tàbí kó kó o jáde ní orílẹ̀-èdè láìgba ìwé. Ohun tí wọ́n bá wú nílẹ̀ níbi ilé àtijọ́ lè bọ́ sábẹ́ òfin yìí, ó sì yẹ kí wọ́n fi tó àjọ náà létí. Òfin CBN ti 2007, ní ẹ̀ka 21, tún sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ta náírà bí ọjà, ì báà jẹ́ bébà tàbí onírin. Mo gbà pé òfin kejì yìí kò ro ti olùkójọ nígbà tí wọ́n ṣe é, àwọn tó ń ta owó tuntun níbi àríyá ló ń bá wí. Síbẹ̀, bó ṣe wà nìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ fi àkójọ ṣòwò kó kọ́kọ́ bi agbẹjọ́rò léèrè. Ẹni tó bá ń kó ohun ilé ara rẹ̀ jọ láti fi kẹ́kọ̀ọ́ kò ní ohun tó máa bà á lẹ́rù.

Ibi tí ìwádìí fún àríwá Èkìtì yóò ti jáde jù kò jìnnà. Ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà yunifásítì Ìbàdàn ní àwọn fáìlì ẹkùn Èkìtì ayé òyìnbó, níbi tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ̀wé nípa owó orí, ọjà àti ẹjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí owó onírin gba ipò owó ẹyọ lọ́jà kan, inú irú fáìlì wọ̀nyí ni yóò wò, pàápàá ìwé owó orí, nítorí owó onírin ni ìjọba fẹ́ gbà. CBN ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé owó tirẹ̀ ní Abuja, tó dára láti fi ojú rí ohun tí ìwé ń sọ. Yunifásítì Ọ̀yẹ́ wà nítòsí, mo sì ń bẹ àwọn olùkọ́ ìtàn níbẹ̀ pé kí wọ́n fi owó àtijọ́ ilé kọ̀ọ̀kan ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ọmọ àdúgbò. Akẹ́kọ̀ọ́ ọgọ́rùn-ún tó bá padà sílé lọ bi ìyá wọn àgbà léèrè yóò kó ohun tí kò sí nínú ìwé kankan wá.

Àkọsílẹ̀ náà kò gba ọgbọ́n àrà. Ìwé kíkọ lásán tó. Kí ẹ fún owó kọ̀ọ̀kan tàbí okùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà, kí ẹ kọ irú tó jẹ́, bí ó ṣe wúwo tó, ọdún àti lẹ́tà bí ó bá ní, ẹni tó fi í sílẹ̀, ilé àti àdúgbò tó ti wá, ohun tí wọ́n bá pẹ̀lú rẹ̀, àti ọjọ́ tó dé ọwọ́ yín. Ohun tó sì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni ohun tí ẹni náà sọ nípa rẹ̀, ní èdè ẹnu rẹ̀ gan-an, Èkìtì tó bá sọ ni kí ẹ kọ, kí ẹ má ṣe tún un ṣe. Kí ni kọ́bọ̀ kan ń rà lọ́jà Ìdó? Ta ló ń ka owó fún ìyá rẹ̀? Owó wo ni wọ́n fi san ìdána rẹ̀? Ìwé Vice kò lè dáhùn èyí, Dumbarton Oaks kò sì lè dáhùn rẹ̀ nípa Byzantium, nítorí àwọn tó ná owó yẹn ti kú láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa ṣì ní ẹni tí a lè bi.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ìyá tàbí bàbá yín àgbà ṣì wà láyé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ bá wọn jókòó kí oṣù yìí tó parí, kí ẹ sì mú ìwé lọ́wọ́. Àwọn tó ná kọ́bọ̀ ọba Edward lọ́jà ní Èkìtì, tí wọ́n ṣì rántí ohun tó rà, ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún tàbí wọ́n ti kọjá rẹ̀.